Máàpù Tó Ń Fi Ìṣẹ́jú Wọn Ọ̀nà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Mi

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ létí odò kékeré kan, tó gba abẹ́ igi kọjá, tó wá gun òkè títí dé orí àpáta. Gbogbo gígùn rẹ̀ ò ju kìlómítà 2.4 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yà á sórí máàpù rí, tòun ti igi, òkúta àti ẹyẹ tí mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé lórí bébà, ilẹ̀ títẹ́jú tó wà létí odò àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kẹ́yìn gùn dọ́gba. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yẹn mọ̀ pé irọ́ ni. Létí odò, èèyàn á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, kò ní mọ ìgbà tó dé abẹ́ igi. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ìṣísẹ̀ tí kì í gba owó orí lọ́wọ́ orúnkún.

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí ni máàpù tí yóò máa fi ìṣẹ́jú wọn ọ̀nà dípò mítà. Ibi tó bá ti ń gba àkókò lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ni yóò ti gba bébà. Àwọn fọ́tò tó máa wà nínú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń kó àkókò jọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń rọra wọ inú wọn fún ìṣẹ́jú kan tàbí fún oṣù mẹ́ta. Màá wá tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní àwọ̀ kan ṣoṣo, àwọ̀ aró.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: kí n tó mú pẹ́ńsùlù

Mo kọ́kọ́ lọ wo iṣẹ́ àwọn àgbà. Ní ọdún 1881, Francis Galton ya máàpù ayé kan tó fi àwọ̀ pín ilẹ̀ sí ìpele ìpele: àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ọjọ́ tí ẹni tó bá gbéra ní London máa lò kó tó débẹ̀. Èbúté tó jìnnà, tí ọkọ̀ ojú omi ń dé tààrà, lè yá ju ibi tó sún mọ́ tí kò ní ọ̀nà gidi lọ. Èrò tí mò ń wá gan-an nìyẹn, àmọ́ Galton kò fa ilẹ̀ gùn, kò sì sún un kì. Ó kàn kùn ún lọ́dà ni. Èmi fẹ́ fa ilẹ̀ gùn.

Inú Britannia ni mo ti rí bí mo ṣe máa ṣe é, ìyẹn ìwé máàpù tí John Ogilby tẹ̀ jáde ní ọdún 1675. Máàpù 100 ló wà nínú rẹ̀, ti àwọn ọ̀nà England àti Wales. Ogilby kò ya odindi ilẹ̀ náà. Ọ̀nà nìkan ló yà, ó gé e sí ọ̀já gígùn gígùn, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí arìnrìn-àjò máa kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ọ̀já kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ńpáàsì tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá yà, Ogilby kì í jẹ́ kí ọ̀já náà tẹ̀, àríwá ló máa ń yí. Mo gbé ọgbọ́n yìí lódindi, torí ọ̀nà tèmi náà lọ́ bí ejò lápá òkè, bébà mi kò sì lè máa bá a lọ́.

Mo tún fẹ́ mọ iye bébà tí màá nílò. William Naismith, ọmọ Scotland kan tó máa ń gun òkè, fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní ọdún 1892 tí àwọn agunkè ṣì ń lò títí dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí o fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí o bá gùn. Òkè tèmi ga tó mítà 120 sí odò. Ìṣẹ́jú 29 fún ìrìn, 12 fún gígun, 41 lápapọ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo so agolo mẹ́ta mọ́ ara igi àti òkúta lójú ọ̀nà náà, tí mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ẹsẹ̀ mẹ́ta, aago kan

Mo fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú méjì méjì, mo ń dúró, mo ń dá aago náà dúró, mo ń kọ ohun tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì mi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 44 ló gbà mí. Naismith kò jìnnà.

Àbúrò mi ọkùnrin tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ kejì, ó sì fi ìṣẹ́jú 35 dé orí àpáta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ nígbà tí mo bi í pé kí ló rí lójú ọ̀nà, odò àti òkè nìkan ló lè dárúkọ.

Ẹnì kẹta ni bàbá kan tí wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n máa ń gun òkè náà láràárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n tẹ̀ lé wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí aago yìí yára o. Bí ẹ ṣe máa ń rìn náà ni kẹ́ ẹ rìn." Wọ́n wo aago náà, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ yára? Ìwọ ni kó o má sáré kọjá mi." Ìṣẹ́jú 66 la lò.

Nínú ìṣẹ́jú 66 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jókòó. Ìjókòó kejì, lábẹ́ igi ńlá kan ní ìdajì òkè, gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èmi ti gba ẹ̀gbẹ́ igi yẹn kọjá láìmọye ìgbà, n kò wò ó rí. Lọ́jọ́ yìí, torí pé mo jókòó, mo rí i pé èèpo rẹ̀ là sí ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ látòkè délẹ̀, pé èèrùn ń gba ojú ìlà kan gòkè, wọ́n sì ń gba òmíràn bọ̀, àti pé lápá tí èèyàn máa ń fẹ̀yìn tì, èèpo náà ti dán bí àga àtijọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. Àkókò tèmi kọ́ ni máàpù yìí máa lò. Ti Bàbá ni. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 2 fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 132, tí mo pín sí ọ̀já mẹ́ta, 44 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́rin lábẹ́ igi wá di sẹ̀ǹtímítà 8 lórí bébà, ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ṣí rárá. Nínú máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, kókó kékeré ni igi yẹn. Nínú tèmi, òun ló gba àyè jù lọ, mo sì ráyè ya ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara èèpo rẹ̀ àti èèrùn tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún: yíyà

Lẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ fi yà á, lẹ́yìn náà ni mo fi kálàmù onítàdáwà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.3 tẹ̀ lé e. Ọ̀nà gba àárín kọjá tààrà. Igi tó wà lápá òsì dùbúlẹ̀ sápá òsì, tọ̀tún dùbúlẹ̀ sọ́tùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá la ìwé sí méjì. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbà ya máàpù báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò fipá mú ẹni tó ń wò ó láti dúró sí ibì kan lójú ọ̀run. Àárín ọ̀nà lo wà, o ń yíjú sọ́tùn-ún, o ń yíjú sósì.

Odò ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Kò sẹ́ni tó ń rìn lójú odò, torí náà kò ní ìṣẹ́jú. Níbi tí ọ̀nà bá ti gùn sí i nítorí àkókò, ṣé kí odò náà gùn ni? Bí mo bá jẹ́ kó gùn, mo ti purọ́ mọ́ odò. Bí n kò bá jẹ́ kó gùn, odò àti ọ̀nà á pínyà lórí bébà níbi tí wọ́n ti wà pa pọ̀ lójúkorojú. Bébà mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú rẹ̀ kí n tó gbà pé ohun tí Bàbá ń rí ni kí n yà. Níbi tí odò bá ti hàn sí ẹni tó ń rìn, ó ń bá ọ̀nà lọ, ó sì ń gùn bí ọ̀nà bá gùn. Níbi tí igi bá ti bò ó mọ́lẹ̀, mo gé e dúró ní etí ọ̀já, mo sì kọ "odò ń dún" síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí etí bá ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: kámẹ́rà agolo

Kámẹ́rà tí mo lò kò ní lẹ́ńsì. Agolo ni, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ìbú rẹ̀ jẹ́ 10, mo fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kun inú rẹ̀. Ihò ló ni iṣẹ́. Mo gé irin pẹlẹbẹ lára agolo ẹlẹ́rìndòdò, sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú lóòró. Mo gbé e lé páálí, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí ó fi yọ kókó lódì kejì, mo wá fi sáńpépà tó kúnná ha kókó náà. Tẹ̀, ha, yí i padà, tẹ̀, ha. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ ya irin náà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí etí ihò á rí jágajàga. Irin mẹ́fà ni mo bà jẹ́ kí n tó rí ọ̀kan tí etí rẹ̀ mọ́ roboto.

Bí ihò bá tóbi jù, àwòrán á ṣe bàìbàì. Bó bá sì kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ létí ihò náà, á fọ́n ká, àwòrán á tún ṣe bàìbàì. Ìwọ̀n tó dáa wà láàárín méjèèjì. Fún bébà tó jìnnà sí ihò ní mìlímítà 100, ìṣirò gbé mi dé nǹkan bíi 0.45. Àmọ́ bébà tèmi fẹ̀yìn ti ara agolo tó rí kíríbítí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ihò ju àárín lọ, mo sì dín in kù sí 0.4. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n ni pé mo gbé irin náà sórí ẹ̀rọ sikánà, mo ní kó kà á ní 2400 tóótòò (àmì kékeré) sí ínṣì kan, mo wá ka tóótòò tó wà nínú ihò náà lójú kọ̀ǹpútà: 38. Ìyẹn jẹ́ mìlímítà 0.40. Mo dìde dúró, mo patẹ́wọ́.

Bébà fọ́tò ni mo fi sínú rẹ̀ dípò fíìmù. Ó lọ́ra gan-an, ó sì ṣeé fi sínú agolo lábẹ́ iná pupa, torí kì í rí àwọ̀ pupa. Ìṣirò ní ìṣẹ́jú àáyá 41 lójú oòrùn. Mo dán 40, 60, 75 àti 120 wò. 75 ló dáa jù. Bébà yìí ń sọ ibi tó mọ́lẹ̀ di dúdú, àkọ́kọ́ sì jáde báyìí: òfuurufú dúdú kirikiri lórí bébà, ilẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan láàárín. Irú bébà yìí kì í fi ọ̀wọ̀ fún àwọ̀ tó wà láàárín. Mo wá la omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò dé ìdajì agbára rẹ̀, mo fi í sínú omi náà pẹ́, àwọn àwọ̀ àárín sì bẹ̀rẹ̀ sí yọjú.

Fọ́tò Bàbá lábẹ́ igi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìṣẹ́jú àáyá 75 ni wọ́n fi jókòó síwájú agolo, mi ò sì ní kí wọ́n má mira. Ọ̀pá wọn tó fìdí kalẹ̀ hàn ketekete, títí dé kókó tó wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ tó dì í mú ti di èéfín. Ojú wọn wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀, torí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo mí. Igi ẹ̀yìn wọn sì tẹ̀ kọrọdọ sí òsì àti sọ́tùn-ún, bí ẹni ná ọwọ́ méjèèjì láti gbá wọn mọ́ra, nítorí pé bébà náà tẹ̀ nínú agolo.

Ọ̀sẹ̀ keje: fọ́tò tó ń rìn

Òru ọjọ́ kan ni èyí sọ sí mi lọ́kàn. Bí agolo bá nílò ìṣẹ́jú àáyá 75, kò sí òfin tó ní kó lò ó lójú kan. Mo lè pín in sí ìṣísẹ̀ 15. Márùn-ún níbí, dí ihò, gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ṣí ihò, márùn-ún lọ́hùn-ún.

Mo tẹ́ igi gígùn kan sílẹ̀ kí agolo máa tẹ̀ lé e, kó má bàa yí ojú padà. Téèpù dúdú ni ìlẹ̀kùn ihò. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣí i tí mo tún dí i, ní ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bébà náà wà nínú omi lábẹ́ iná pupa, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́. Igi tó wà nítòsí ti di púpọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí eyín òòyà tí ọ̀kan ń bo èkejì. Òkúta ojú ọ̀nà ti fà gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni ojú mi lọ sí òkè. Àpáta tó wà ní ìpẹ̀kun dúró digbí, kò mì, etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó nǹkan kan lójú ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí gígun òkè náà ṣe máa ń rí lára gan-an nìyẹn: gbogbo ohun tó wà nítòsí ń kọjá, ibi tí ò ń lọ kò sún mọ́ ọ. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa fi lẹ́ẹ̀dì ya èyí láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ọ̀tún di òsì

Àṣìṣe tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mo fi sikánà gbé àwọn fọ́tò wọ kọ̀ǹpútà, mo tò wọ́n sí ààyè wọn lórí ọ̀já, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ó ku díẹ̀ kí n lọ sùn ni mo rí i pé lórí ọ̀já kìíní, odò tí mo fọwọ́ yà wà lápá ọ̀tún, odò inú fọ́tò sì wà lápá òsì.

Ihò abẹ́rẹ́ ń dojú àwòrán délẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀tún sósì. Bí o bá mú bébà náà jáde tí o yí i kí òfuurufú lè wà lókè, ìdojúdélẹ̀ ti tán, àmọ́ ojú tó ní àwòrán lò ń wò, torí náà òsì ṣì wà lọ́tùn-ún, bí inú dígí. Ó yẹ kí n dójú gbogbo wọn kọ òdì lórí kọ̀ǹpútà kí n tó tò wọ́n. Báyìí, mo ti kọ "DÍGÍ" gàdàgbà sára agolo náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí ìkejìlá: aró

Mo yan cyanotype, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi kẹ́míkà àti oòrùn tẹ àwòrán ní àwọ̀ aró, fún ìdí kan. John Herschel ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1842. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Anna Atkins bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe ìwé ewéko inú omi rẹ̀, ó ń tẹ́ ewéko sórí bébà, ó ń jẹ́ kí oòrùn ya òjìji wọn. Lẹ́yìn náà, ó di ohun tí àwọn tó ń ya àwòrán ilé fi ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwòrán tí a fọwọ́ yà àti fọ́tò ti jọ wọ inú aró kan náà rí. Ìlà kálàmù mi àti ìmọ́lẹ̀ agolo mi kò ní jọ àlejò síra wọn níbẹ̀.

Ohun tí mo pò: ferric ammonium citrate gíráàmù 25 nínú omi mílílítà 100, àti potassium ferricyanide gíráàmù 10 nínú omi mílílítà 100, nínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo dà wọ́n pọ̀ lọ́gbọọgba kí n tó lò wọ́n, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ fà á sára bébà lóòró, lẹ́yìn náà níbùú, mo sá a sínú òkùnkùn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet inú oòrùn ń yí irin inú citrate padà, irin tó yí padà yẹn ló ń dì mọ́ ferricyanide, tó ń di aró. Ibi tí oòrùn kò dé, omi á fọ̀ ọ́ lọ.

Bébà àkọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Àwòrán náà jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo fi í sínú oòrùn pẹ́ sí i, kò yí padà. Mo po kẹ́míkà tuntun, kò yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ti rẹ̀ sí i lórí ògiri. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n ti ń tẹ cyanotype tipẹ́. Wọn ò tiẹ̀ wo kẹ́míkà mi. Wọ́n ní, "Bébà wo lo lò?" Mo ní bébà tó gbówó lórí ni, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kì í gbó. Wọ́n ní kí n kán ọtí kíkan sẹ́yìn rẹ̀.

Mo kán an. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ìfófòó wẹ́wẹ́ ń yọ lójú ibi tó rin. Ẹfun ló wà nínú bébà náà, calcium carbonate, tí wọ́n fi sí i kí ó má bàa tètè pọ́n. Fún lẹ́tà àti ìwé kíkà, oore ni. Fún aró yìí, májèlé ni, torí ohunkóhun tó bá ní ìwà eérú, ìyẹn alkali, ń jẹ Prussian blue, aró inú cyanotype. Ohun tó yẹ kó dáàbò bo bébà náà ló ń pa àwòrán orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà: kí n ra bébà òwú tí kò ní ẹfun, tàbí kí n bọ́ ẹfun náà kúrò. Mo ti gé bébà ọ̀hún tán, torí náà mo rẹ ẹ́ sínú citric acid, gíráàmù 5 sí mílílítà 100, títí ìfófòó fi dáwọ́ dúró. Mo fi omi ṣan án dáadáa, mo sá a. Èyí tí mo tẹ̀ tẹ̀ lé e jinlẹ̀ débi pé mo ní láti dín àkókò oòrùn kù. Mo gé bébà pélébé, mo fi páálí bo apá kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí i níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin títí dé 20 lójú oòrùn ọ̀sán. 12 kò tó, 20 ti di ìlà kálàmù wẹ́wẹ́ pọ̀. Mo mú 16.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí bébà bá wọ omi. Àwọ̀ eérú tí oòrùn fi síbẹ̀ á yí padà lójú ẹni, àwọ̀ ewé á máa bá omi ṣàn lọ, aró á sì máa jókòó. Igi Bàbá ló kọ́kọ́ yọ, ìlà èèpo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ọ̀pá, ìkẹyìn èéfín ọwọ́. Ó tún ń dúdú sí i fún ọjọ́ kan gbáko bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i.

N kò fi ọ̀dà omi kùn ún lẹ́yìn náà, torí àwọn ọ̀dà kan náà ní ìwà eérú. Pẹ́ńsùlù pupa gbígbẹ nìkan ni mo fi fa ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Níbi tí wọ́n ti sinmi, ìlà náà kò fà. Ó ká sínú ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá: agolo mẹ́ta

Mo padà lọ tú àwọn agolo tí mo so ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bébà fọ́tò wà nínú wọn, ihò abẹ́rẹ́ wà lára wọn, oòrùn nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́: ó ń sun ìlà ara rẹ̀ sórí bébà lójoojúmọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọ bébà náà. Regina Valkenborgh gbé irú agolo báyìí kalẹ̀ ní Bayfordbury Observatory ní England ní ọdún 2012, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i, wọ́n sì bá ipa ọ̀nà oòrùn 2,953 nínú rẹ̀.

Omi ti kún inú agolo kìíní. Agbọ́n ti fi amọ̀ dí ihò ìkejì. Ìkẹta, tí mo so sára òkúta tó dojú kọ àpáta, ni mo ṣí nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Òjìji àpáta náà wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀. Lókè rẹ̀, ọ̀sán oṣù mẹ́ta tẹ̀ bí ọrun, ìlà lórí ìlà. Níbi tí ìlà kan bá ti já, àwọsánmà ló bo oòrùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò ní ìlà rárá, mo sì rántí òjò ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé e kọjá lórí sikánà, nítorí iná sikánà náà ń jẹ ẹ́, mi ò sì fi í sínú fíksà, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú kí fọ́tò má yí padà mọ́, torí yóò fọ àwòrán náà ṣì. Inú àpò dúdú ló wà báyìí. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣe ojú ọ̀run ọ̀já kẹta, lórí àpáta níbi tí ọ̀nà parí sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tẹ́ ọ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mo pe Bàbá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà pupa láti etí odò, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n dé abẹ́ igi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ìka kọjá. Lẹ́yìn náà, ní àárín ọ̀já kejì, ìka dúró. Wọ́n ní, "Níbi a ti wo omi ńkọ́?"

Mo ní a ò sinmi níbẹ̀, Bàbá, a kàn dúró ni.

Wọ́n ní, "A dúró. Mo máa ń dúró níbẹ̀ láràárọ̀. Ibẹ̀ ni odò ti ń hàn kẹ́yìn."

Mo lọ wo ìwé mi. Òótọ́ ni. Mo ti dá aago dúró láti kọ nǹkan sílẹ̀, n kò sì tètè tan án padà. Lárọ̀ọ́ ọjọ́ kejì mo tẹ̀ lé wọn, mi ò kọ nǹkan kan, mo kàn jẹ́ kí aago máa lọ. Ìṣẹ́jú méjì géérégé ni wọ́n fi dúró. Odò náà máa ń tàn lẹ́ẹ̀kan láàárín ewé méjì kó tó lọ.

Ọ̀já kejì yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48. Mo ti gé bébà rẹ̀, ó wà nínú citric acid báyìí, ìfófòó rẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró.